Bí Òkè Náà Ṣe Di Adúró

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ, ọjọ́ Ajé, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, àbúrò mi ọkùnrin kú. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí.

A sin ín ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ létí sàréè, mo ní ó rẹ̀ mí. Òótọ́ ni mo sọ. Ó ti ń rẹ̀ mí bọ̀ láti ọdún mọ́kànlélógójì, irú àárẹ̀ tí oorun kì í wò.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tó kú, lẹ́tà kan dé láti ọ́fíìsì àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe akọ̀wé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà náà kò gùn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tẹ máàpù tuntun, àwọn sì ń yẹ orúkọ gbogbo òkè àti odò wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣóńṣó òkè kan wà lápá òkè máàpù náà, òun ló ga jù níbẹ̀, Adúró ni orúkọ rẹ̀. Ìwé tó wà nínú fáìlì fi hàn pé àwọn aláàárù ló fi orúkọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ẹnì kan nínú wọn tí kò gbọ́ràn sí ọ̀gá lẹ́nu. Wọ́n ní orúkọ yẹ̀yẹ́ kò yẹ máàpù ìjọba. Bí ẹlẹ́rìí kan kò bá wá sọ ohun mìíràn kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, orúkọ ọ̀gá tó kọ́kọ́ wọn òkè náà ni àwọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí, nítorí pé nínú gbogbo orúkọ tó wà nínú fáìlì yẹn, èmi nìkan ló kù láyé.

Àbúrò mi ni Adúró.

Mo ká lẹ́tà náà, mo fi í sábẹ́ àwo lórí tábìlì. Ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ àbúrò mi ló bá a níbẹ̀. Òun nìkan ni bàbá rẹ̀ bí, aránṣọ ni, obìnrin tí kì í jókòó kí ọwọ́ rẹ̀ má ṣiṣẹ́. Ó wá fọ àwo fún mi, ó gbé àwo, ó rí bébà.

"Bàbá Àgbà, ìgbà wo lèyí ti dé?"

"Ní Ìṣẹ́gun."

"Òní Ẹtì rèé."

"Mo mọ̀."

Ó tún un kà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ kí ó tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. "Wọ́n fẹ́ yọ bàbá mi kúrò lórí òkè rẹ̀."

"Orúkọ ìnagijẹ ni."

"Ìnagijẹ tí wọ́n fi kọ́ mi nílé ìwé ńkọ́? Tíṣà ní ta ló lè dárúkọ òkè tó ga jù. Mo nawọ́. Mo ní Adúró ni, bàbá mi ni. Gbogbo kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi lu agogo. Mi ò tijú. Bàbá mi ni lóòótọ́." Ó gbé bébà náà sí iwájú mi. "Àìgbọràn wo? Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ṣebí kùrukùru ni ò jẹ́ kó rí àmì?"

Mo ká lẹ́tà náà padà.

"Ẹ wá bàtà yín lọ́jọ́ Ajé," ó ní. "À ń lọ bá wọn."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa nígbà náà, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè mọ ohun tí mo ṣe.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ṣóńṣó òkè kan ṣe ga tó, aláàárù kan yóò gun orí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn tí a kùn ní pupa àti funfun. Ọ̀gá yóò wà lórí òkè kékeré kan lódìkejì, pẹ̀lú awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń wo ọ̀pá náà. Yóò máa pe nọ́ńbà, akọ̀wé yóò máa kọ ọ́ sínú ìwé. Lórí òkè tí mò ń sọ yìí, àpáta ni gbogbo ilẹ̀, ọ̀pá kò ṣeé rì mọ́lẹ̀. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ dì í mú kó dúró ṣánṣán.

Kò sí ẹ̀rọ tí a lè fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Àfonífojì wà láàárín wa, igbe kò lè dé òdìkejì. Aṣọ pupa kan ni a ń lò, ó fẹ̀ tó aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, a ta á sórí igi gígùn. Ẹni tó wà lórí ṣóńṣó ní awò kékeré lọ́rùn tó fi ń wò wá. Bí aṣọ náà bá bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí kò padà gòkè, ó túmọ̀ sí pé kó dúró, a kò tíì kà á tán. Bó bá bọ́ sílẹ̀, tó tún gòkè, tó tún bọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ti parí, kó máa bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì, sọ̀kalẹ̀. Bí kùrukùru bá sì bo ojú, àmì tó rí kẹ́yìn ni yóò tẹ̀lé. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà mọ òfin yìí bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ìyá wọn.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni aṣọ pupa. Èmi ni akọ̀wé.

Èmi náà ni mo mú àbúrò mi wá síbi iṣẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, kò kàwé, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀. Alásè wa, ọkùnrin ẹlẹ́nu bí abẹ, máa ń sọ pé bí ewúrẹ́ bá fẹ́ kọ́ òkè gígun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kó wá. Ọ̀gá kò kí í ju bó ṣe ń kí àwọn yòókù. Ọ̀gá Aago ni à ń pe ọ̀gá náà lẹ́yìn, nítorí pé bó bá ń jẹun pàápàá, ọwọ́ kan wà lẹ́nu, ojú wà lára aago.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí, àbúrò mi ti dé orí ṣóńṣó náà kí oòrùn tó mú. Ọ̀gá ka nọ́ńbà títí agogo méjì fi kọjá. Bó ṣe gbé ojú kúrò nínú awò, òjò ti ṣú lẹ́yìn wa.

"Ó parí," ó ní. "Ẹ di ẹrù. Wéré!"

Ìwé nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ sáré bò. Tàdáwà ni mo fi kọ iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan, bí ẹ̀kán omi bá kàn án, ó parí nìyẹn. Mo fi rọ́bà wé e, mo fi í sínú àpò. Àwọn tó kù ń tú ẹsẹ̀ awò. Mo dé ìdí igi, mo tú okùn, mo fa aṣọ pupa wálẹ̀, mo ká a, mo fi í sínú àpò.

Ẹ̀ẹ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti bi ara mi léèrè ohun tí mo rò nígbà náà. N kò ro nǹkan kan. Òjò ni mò ń sá fún.

Nígbà tí a dé àgọ́ tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, kò tíì dé. Alásè ní yóò ti yà sí ahéré àwọn darandaran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, pé kì í ṣe ọmọdé, òjò kì í pa ewúrẹ́. Ní ọjọ́ kejì, kùrukùru bo gbogbo ayé. A kò rí igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà àgọ́. Mo jókòó sínú, mo ń da nọ́ńbà kọ láti inú ìwé kan sínú òmíràn. N kò ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, kùrukùru ká. Alásè lọ pọn omi, ó mú awò kékeré ọ̀gá dání, torí ó fẹ́ràn láti máa fi í wo ẹyẹ. Igbe rẹ̀ ni a gbọ́.

"Ọ̀gá! Ẹ jáde o! Ọ̀pá ṣì wà lókè!"

"Ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni," ọ̀gá dáhùn láti inú àgọ́.

"Ó gbàgbé kẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ ló dì í mú! Ẹ wò ó, ọkùnrin yìí ò tíì jókòó! Adúró! Adúró bí òpó!"

Gbogbo àwọn aláàárù sáré jáde, wọ́n ń gba awò lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Adúró! Adúró o!" Ibẹ̀ ni òkè náà ti gba orúkọ. Èmi nìkan ni n kò gba awò. Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn mẹ́rin gun òkè lọ gbé e. Wọ́n pọ̀n ọ́n wálẹ̀ nírọ̀lẹ́. Omi máa ń di yìnyín lórí òkè yẹn bí oòrùn bá ti wọ̀, búrẹ́dì kan àti ìgò omi kan ló sì mú lọ. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí ẹní. Ojú rẹ̀ wá mi kiri títí ó fi rí mi.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "mo dúró o."

Bí ẹni ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Mo ń bọ́ bàtà rẹ̀. Ìka mẹ́ta lẹ́sẹ̀ òsì ti dúdú.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rí i," ó tún ní. "Àbí ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kùrukùru ni ò jẹ́ n rí èkejì?"

Ó bi mí, mo sì dáhùn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo mọ̀," ó ní. "Kùrukùru burúkú."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá pè mí sínú àgọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ọ̀gá, òjò ti ṣú, mo ní..."

"Mi ò bi ọ́ ní ti òjò." Ó wo aago rẹ̀. "Ìwọ ni akọ̀wé kan ṣoṣo tí mo ní. Aláàárù pọ̀ nílẹ̀. Mú kálámù. Kọ."

Mo kọ ọ́. *Aláàárù tí a fi sórí ṣóńṣó náà kò tẹ̀lé àmì tí a fún un láti sọ̀kalẹ̀. Àìgbọràn rẹ̀ ló fa ìpalára tó bá a. Kò yẹ kí a tún gbà á síṣẹ́.* Lẹ́yìn náà ló mú ìwé tí a ń kọ orúkọ òkè sí, ó ní kí ni àwọn èèyàn ń pe eléyìí. Mo ní Adúró. Ó ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kálámù kan náà ni mo fi kọ méjèèjì, tàdáwà rẹ̀ kò tíì gbẹ lára ọwọ́ mi.

Wọ́n gé ìka mẹ́ta náà ní ọsibítù. Wọ́n lé e níṣẹ́. Ó kọ́ bí a ṣe ń tún bàtà ṣe, ó gba ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà, ibẹ̀ ló sì wà títí ayé rẹ̀. Adúró ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni mo máa ń lọ jókòó tì í, lórí àga àwọn oníbàárà. Mo rántí tíṣà obìnrin kan tó wá jágbe mọ́ ọn.

"Adúró, o ní kí n wá lánàá."

"Mo ní kẹ́ ẹ wá. Mi ò ní kẹ́ ẹ gba bàtà."

"Ìwọ tí ìka ẹsẹ̀ ẹ ò pé, ìwọ lo wá ń fi bàtà èèyàn ṣeré."

"Ìyáà mi, méje ni mo fi ń rìn. Ẹ̀yin fi mẹ́wàá rìn, ẹ sì ti jẹ gìgísẹ̀ bàtà tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú àwa méjèèjì, ta ni ò mọ ẹsẹ̀ ẹ́ lò?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Bí wọ́n bá sì bi í léèrè nípa òkè, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Wọ́n ní kí n dúró, mo dúró. Kùrukùru ló ṣe mí." Á wá tọ́ka sí mi. "Ẹ bi ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló mú aṣọ dání." Èmi á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn àgbà máa ń ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. N kò rí i bẹ́ẹ̀. Tèmi rin ogójì ọdún, ẹnikẹ́ni kò lé e. Nígbà tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní oṣù Keje, mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Ní ìgbà karùn-ún mo ní, "Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ òkè yẹn." Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi yí ìrọ̀rí yìí sí òdìkejì." Mo yí i. Ó sùn lọ. N kò padà sídìí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, a lọ. Ọ́fíìsì náà ti kó lọ sí àjà kejì, àtẹ̀gùn rẹ̀ ga fún orúnkún mi. Ọmọbìnrin akọ̀wé tó dá wa lóhùn fi awò ojú kọ́ ọrùn. Bí mo ṣe dárúkọ mi, ó dìde.

"Ẹ̀yin ni Bàbá Kọ́mà! Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ yín níbí. Wọ́n ní ẹ máa ń dá ìwé padà fún ọ̀gá tìkára rẹ̀ tí kọ́mà kan bá ṣì."

"Mo máa ń dá a padà."

Ó fún wa ní àga. Ó tú okùn fáìlì kan tí etí rẹ̀ ti pọ́n, ó ṣí i sí ibi tí ó ti fi bébà sí. Ó ka àwọn gbólóhùn mẹ́ta tí mo ti kọ sókè yìí. Ọmọ àbúrò mi dì mọ́ báàgì rẹ̀.

"Irọ́ ni," ọmọ àbúrò mi ní. "Bàbá mi ò rí àmì kejì ni. Kùrukùru wà. Bàbá Àgbà wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ."

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, mo ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ nísàlẹ̀. Mo lè sọ pé kùrukùru ni. Ó yẹ orúkọ náà, ó yẹ èmi náà. Ẹnikẹ́ni kò sí láyé tó lè já mi nírọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò wà nínú ìwé ni pé ó ṣì í rí. Kò ṣì í rí. Ohun tí a fi hàn án ló rí, ohun tí ó rí náà ló ṣe.

"Kò sí àmì kejì," mo ní. "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ aṣọ sílẹ̀. Òjò ń bọ̀, mo ká a sínú àpò. Kùrukùru kò tíì dé nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀kan túmọ̀ sí pé kó dúró. Ó dúró."

Ọmọbìnrin akọ̀wé náà wo bébà, ó wò mí. "Ta ló wá kọ èyí?"

"Èmi ni."

Ó gbé fọ́ọ̀mù kan sí iwájú mi. Mo kọ gbogbo rẹ̀, ojú ìwé kan àti ààbọ̀. Nígbà tó gbà á, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́.

"Bàbá, ẹ má bínú. Èwo ni kí á gbà? Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì."

"Ẹ gba tòní. Lọ́jọ́ kìíní, mò ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Ṣé kí n kàn kọ ọ́ pé 'akọ̀wé kan'? A kò ní láti dárúkọ."

Ọmọ àbúrò mi ló dáhùn. "Ẹ dárúkọ wọn," ó ní.

"Ẹ dárúkọ mi," mo ní.

Ó ṣáájú mi sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kò dúró kí n di apá rẹ̀ mú bó ṣe ṣe nígbà tí a ń gòkè. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, ó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi.

"Gbogbo Sátidé," ó ní. "Ẹ jókòó sórí àga yẹn ní gbogbo Sátidé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bàbá mi fi yín búra. Bí mo bá purọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, á ní kí n wo ẹ̀gbọ́n òun."

Bọ́ọ̀sì dé, ó wọ̀ ọ́. Mo dúró de èyí tó tẹ̀lé e.

Ó lé ní oṣù kan kí n tó tún rí i. Lẹ́tà ọ́fíìsì ti dé ṣáájú: orúkọ náà dúró. Wọ́n fi ohun tí wọn yóò tẹ̀ sínú ìwé ránṣẹ́ sí mi pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò. *Adúró: orúkọ aláàárù tó di ọ̀pá mú lórí ṣóńṣó yìí fún ọ̀sán mẹ́ta àti òru méjì, nítorí pé akọ̀wé kò fún un ní àmì láti sọ̀kalẹ̀.* Orúkọ mi tẹ̀lé e. Kò sí kọ́mà tó ṣì.

Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn. N kò gbọ́ "Ẹ káàárọ̀" bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀. Mo gbé lẹ́tà náà fún un, ó kà á, ó fi í sínú báàgì rẹ̀.

"Onílé ń fẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀," ó ní. "Mo fẹ́ kó ẹrù bàbá mi, àwọn ẹbí ìyá mi sì ní kí á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa jà. Ọwọ́ ìkọ̀wé tèmi ò dáa."

Mo dìde, mo wọ bàtà mi.

A ṣí ṣọ́ọ̀bù náà. Eruku ti bo tábìlì. Ó fún mi ní ìwé àti bírò, ó ní kí n jókòó. Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí àpótí rẹ̀. Mo jókòó sórí àga náà.

"Èmi á máa pè é," ó ní. "Ẹ̀yin á máa kọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an o, Bàbá Àgbà."

Mo kọ ọ́ bó ṣe rí.

Òòlù méjì, ọ̀kan kò ní èèkù.

Abẹ́rẹ́ ńlá mẹ́sàn-án nínú agolo.

Òwú dúdú, rólù mẹ́rin. Òwú funfun, ìdajì rólù.

Pólíìṣì agolo mọ́kànlá. Márùn-ún ti gbẹ.

Ọ̀bẹ awọ kan.

Rédíò kan, ó ń sọ̀rọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́ lórí.

Kóòtù dúdú kan.

Fọ́tò ìyàwó rẹ̀, kò ní férémù.

Bàtà tirẹ̀ méjì. Àkísà wà nínú ti òsì, níbi ìka.

Àpótí ìjókòó kan. Àga kan.

Bàtà oníbàárà mẹ́rìnlá. Mọ́kànlá ti parí, bébà orúkọ wà nínú wọn. Mẹ́ta kò tíì parí.